Aṣọ Opó Mi Ni Kí O Fi Ṣe Eré Náà

Àbà Ìdí-Ìyeyè,
Ọ̀nà Ìkirè,
Ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà, 1978.

Kíkẹ́lọmọ, Àyìnkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé Bọ́sẹ̀ tí ẹ jọ ń gbé inú ilé náà wà dáadáa, ṣé omi ẹ̀rọ tó wà nínú ilé yín ṣì ń yọ? Olúfẹ́mi àfẹ́sọ́nà rẹ ńkọ́, ṣé ó wà láàyè? Má tíì rẹ́rìn-ín. Ó nídìí tí mo fi bèèrè bẹ́ẹ̀, o ó bá a níwájú. Ọlọ́run tó jẹ́ kí o la ikọ́ já nígbà tí gbogbo agbo ilé ti ń sọ pé o ò ní rí òpin òjò ọdún yẹn, òun náà ni yóò máa ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ lójú títì ọlọ́dà yín tó fẹ̀ bí odò. Ọ̀gá rẹ kò ní kórìíra rẹ. Ìka tí o fi ń tẹ ẹ̀rọ ìkọ̀wé kò ní ro ọ́. Ṣe àmín náà sókè níbi tí o wà yẹn, kì í ṣe nínú ikùn.

Èmi náà wà. Orúnkún mi ọ̀tún ń dùn mí, àmọ́ kò tíì borí mi. Iṣu ta dáadáa lọ́dún yìí, òjò ló fẹ́ pọ̀ jù, ó sì ti ṣí páànù méjì lórí ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀kan lọ bọ́ sínú oko Baálẹ̀, Baálẹ̀ ní níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé Ọlọ́run ló gbé e wá, òun ò dá a padà. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ ìwé yìí o. Tísà Ògúnjìnmí tó ń kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ àgbà ní kí n máa sọ ọ́ kí òun máa kọ ọ́, mo ní rárá, ọ̀rọ̀ èmi àti ọmọ mi kò ní gba ọwọ́ ọkùnrin kọjá. Mo ka ìwé kìíní tán, mo ka ìwé kejì dé àárín kí bàbá mi tó ní kí n wá máa fọ́ kòkó. Ẹni tó ka ìwé kan ààbọ̀ láìwọ bàtà ti ṣe ju ẹni tí wọ́n fi mọ́tò gbé lọ síbẹ̀. Bí o bá rí àṣìṣe, kálàmù ló ṣe é.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ eré yín. Ìparí oṣù tó kọjá ni Fọláránmi awakọ̀ dé pẹ̀lú lẹ́tà rẹ àti bébà ńlá aláwòrán tí o ká sínú rẹ̀. Bí mo ṣe tú u báyìí, àwòrán rẹ ni ojú mi kọ́kọ́ bà. Ìwọ nìyẹn, nínú aṣọ dúdú láti òkè dé ilẹ̀, o ká ọwọ́ lérí, o tú irun sílẹ̀, omi wà lójú rẹ. Kíkẹ́lọmọ, mo ké. Mo ké tí ewúrẹ́ fi já okùn. Ta ló ń ka lẹ́tà nígbà tí òkú wà nílẹ̀? Mo ní yéè, Olúfẹ́mi ti kú, ọmọlúàbí tó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ nínú ẹrẹ̀ kí mi lọ́dún tó kọjá, wọ́n ti sọ ọmọ mi di opó kó tó di ìyàwó! Lójú ẹsẹ̀ ni àgbàlá kún. Ìyá Ẹ̀bùnlọlá, àbúrò bàbá rẹ, sáré dé tòun ti gèlè lọ́wọ́, ó ń sunkún ju èmi lọ, bẹ́ẹ̀ kò tíì fojú kan Olúfẹ́mi rí. Wọ́n fi mí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ní n ò gbọdọ̀ dá wà, wọ́n se ìrẹsì, wọ́n pa àkùkọ mi pupa tó máa ń jí mi láàárọ̀. Fọláránmi alára jókòó tì wá, ó ń sunkún, ó ń jẹun, ó ní ayé mà le o, lánàá yìí ni òun rí Olúfẹ́mi tó ń ra búrẹ́dì ní Ìjegun-Ẹ̀gbá. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó bi í léèrè pé bí ẹni yìí bá ra búrẹ́dì lánàá, ìgbà wo ló wá kú tí wọ́n fi ya àwòrán ọ̀fọ̀ rẹ̀, tí wọ́n tún tẹ̀ ẹ́ sórí bébà.

Ìgbà tí ẹkún rọlẹ̀ díẹ̀ ni Tísà Ògúnjìnmí ti oko dé, ó gba bébà náà, ó wò ó níwájú, ó wò ó lẹ́yìn, ó ní ẹ̀yin ìyá wa, eré orí ìtàgé ni. Ó ní àwọn òṣèré kan ló kóra jọ sí gbọ̀ngàn kan nítòsí yín ní Fẹ́sítáàkì, pé eré mẹ́rin ni wọn ó ṣe láti Ọkitóbà tí òjò bá ń palẹ̀ mọ́ títí di Disẹ́ńbà tí ọyẹ́ bá dé, pé Kíkẹ́lọmọ wà nínú ẹ̀kẹta, òun ló ń ṣe opó níbẹ̀. Nígbà náà ni mo tó ka lẹ́tà rẹ, mo sì rí i pé òótọ́ ló sọ. Inú mi dùn pé àna mi kò kú. Inú sì bí mi nítorí àkùkọ mi. Ìyá Ẹ̀bùnlọlá ti jẹ itan rẹ̀ méjèèjì, nígbà tó gbọ́ pé kò sí òkú, ó nu ẹnu, ó ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ó gba ilé rẹ̀ lọ.

Àmọ́ bí inú mi ti dùn tó yẹn, rárá ni mo ní lọ́kàn. Omidan tí ìgbéyàwó rẹ̀ kò ju ẹ̀yìn Àjíǹde lọ, kí ó lọ wọ aṣọ opó níwájú ọ̀pọ̀ èèyàn, kí ó máa pe ọkọ ní òkú kó tó fẹ́ ọkọ? Èèwọ̀ ni. Mo rí i tí o kọ ọ́ pé bí Màámi bá ní kí n má ṣe é, n ò ní ṣe é, pé kí oṣù yìí tó parí ni àwọn ọ̀gá eré fẹ́ gbọ́ èsì rẹ. Mo rí i tí o kọ ọ́ pé láti ìgbà tí o ti dé Èkó, kò tíì sí ohun tó dùn mọ́ ọ nínú tó eré yìí, pé bí o bá ti jókòó ti ẹ̀rọ ìkọ̀wé láti àárọ̀, ìgbà tí o bá dé ibi tí ẹ ti ń kọ́ eré ni ara rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí. Mo kà á. Kò wọ̀ mí létí.

Mo múra, mo lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Ìkirè láti fi tẹlifóònù sọ rárá náà fún ọ níbi iṣẹ́ rẹ. Mo wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo wé gèlè, torí n ò mọ̀ bóyá o máa rí mi. Akọ̀wé ní kí n gbé e sétí, mo gbé e sétí. Mo gbọ́ ohùn rẹ kedere. O ní hẹ̀lóò. Mo dákẹ́. O tún ní hẹ̀lóò. Mo dákẹ́ kí o lè rántí ara rẹ. Èmi ìyá, ìwọ ọmọ, ta ló yẹ kó kọ́kọ́ kí ẹnìkejì? O pè é títí, o ò sọ ẹ káàárọ̀ mà, o ò sọ ẹ kúulé, mo sì mọ̀ dájú pé o ò kúnlẹ̀, torí ìsàlẹ̀ ni ohùn ẹni tó bá kúnlẹ̀ ti ń wá. Mo gbé e kalẹ̀. Akọ̀wé ní ìyá, ẹ ò mà sọ nǹkan kan. Mo ní kí ó fi mí sílẹ̀, pé ọmọ mi ni kò kí mi. Ó ń rẹ́rìn-ín, kí lẹ́rìn-ín níbẹ̀? Àmọ́ mo wá rí i báyìí pé Ọlọ́run ló dí mi lẹ́nu lọ́jọ́ náà, torí bí mo bá ti sọ rárá, n kì í yí ọ̀rọ̀ mi padà, o mọ̀ mí.

Kí n tó sọ ohun tó yí i padà, jẹ́ kí n dáhùn ti àwọn eré yòókù, torí o ní kí n yan èyí tó bá tún wù mí láti wò lẹ́yìn tìrẹ, ẹni tí wọ́n bá sì pè sí òde kì í mú ọwọ́ òfo lọ. Tísà ka gbogbo rẹ̀ fún mi. Ti Ọkitóbà, ó ní ọba kan ni àwọn ará ìlú rẹ̀ fẹ́ lé kúrò lórí oyè. Mo bi Baálẹ̀ bóyá ó mọ ìlú náà, kò mọ̀ ọ́n, àmọ́ ó ní kí o bá òun sọ fún kábíyèsí náà pé kí ó tètè bẹ àwọn èèyàn rẹ̀, pé nígbà wàhálà owó orí, ẹ̀bẹ̀ ló gba òun. Ti ìbẹ̀rẹ̀ Nòfẹ́ńbà, orogún méjì ló ń jà sí ilé ìdáná kan títí ilé wọn á fi jóná. Ìyẹn ló bí mi nínú jù. Bí gbogbo èèyàn bá ti mọ̀ láti Sẹ̀tẹ́ńbà pé ilé máa jóná ní Nòfẹ́ńbà, tí wọ́n tún tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò pọn omi sílẹ̀? Sọ fún ìyálé pé mo ní kí ó fi ilé ìdáná náà sílẹ̀ fún ìyàwó kékeré, iná kì í sun ẹni tí kò sí nídìí ààrò. Ti Disẹ́ńbà, ìbí Jésù ni, ìyẹn dára, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá máa fi ọmọ ọlọ́mọ sínú koríko nínú ọyẹ́, kí wọ́n fi àdín àgbọn pa á lára dáadáa. Mo ti rọ àdín náà sínú ìgò, mo fi ọṣẹ dúdú kún un, bá mi fún ìyá ọmọ náà, ẹni yòówù kó jẹ́.

Tíkẹ́ẹ̀tì ti eré tìrẹ tí o fi ránṣẹ́, mo rí i gbà. Fọláránmi ní bí mo bá dé ẹnu ọ̀nà, ẹnì kan á gbà á lọ́wọ́ mi, á fà á ya. Mo ní lójú ta? Inú Bíbélì mi ni mo fi í sí, nínú ìwé Rúùtù. Ẹni tó bá fẹ́ fà á ya, kó kọ́kọ́ fa Rúùtù ya.

Ohun tó yí i padà nìyí. Ìyá Olúfẹ́mi kọ̀wé sí mi láti Àmúwo. Ìwé tó dára ni, ó ń ta sánsán bí ọṣẹ. Ó kí mi dáadáa, ó gbàdúrà fún mi, obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ni, ó kọ orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀, Rosaline Ọláoyè, ó sì fi kún un pé ọkọ òun ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, bí ẹni pé mo bi í. Ó wá ní òun gbọ́ pé ìyàwó ọmọ òun fẹ́ wọ aṣọ opó lórí ìtàgé, pé bó bá wọ̀ ọ́, kí a jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó náà sinmi ná, torí Olúfẹ́mi nìkan ni ọkùnrin tí òun bí. Lẹ́yìn náà ló ní òun mọ̀ pé ọ̀rọ̀ bí èyí lè má tètè yé àwọn ará oko.

Kíkẹ́lọmọ, títí a fi dé ìdí gbólóhùn yẹn, ọ̀nà kan náà ni èmi àti obìnrin yẹn jọ ń rìn. Ohun tó sọ ni èmi náà fẹ́ sọ. Bó bá ti dúró níbẹ̀ ni, rárá ni ǹ bá kọ sínú ìwé yìí, eré rẹ ì bá sì ti parí. Àmọ́ ará oko! Èmi tí mo ka ìwé kejì dé àárín! Mo gbé àmàlà síwájú, mi ò lè jẹ ẹ́. Mo ní ó dáa, bí ọ̀rọ̀ opó kò bá yé èmi, ta ló wá yé? Ọkọ tirẹ̀ wà nínú àga, ó ń ka ìwé ìròyìn. Èmi ni mo ṣe opó.

Ìbínú yẹn ni mo bá wọ yàrá. Mo fa àpótí mi jáde lábẹ́ ibùsùn, mo kó gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀ títí mo fi kan ìsàlẹ̀. Aṣọ náà ṣì wà níbẹ̀. O ò lè mọ̀ ọ́n, ẹ̀yìn mi lo wà nígbà náà. Ìgbà tí Adébánjí bàbá rẹ ta kòkó rẹ̀ àkọ́kọ́, kò ra kẹ̀kẹ́, kò ra páànù, aṣọ funfun kan ló rà fún mi, ó ní kí n máa fi jó. Mo sì fi jó. Nígbà tó kú, àwọn ìyàwó ilé gbé aṣọ dúdú àyálò wá fún mi, mo ní n ò ní wọ aṣọ àyálò ṣọ̀fọ̀ Adébánjí. Mo gbé aṣọ funfun tó rà fún mi lọ bá aláró, mo ní kó máa rẹ ẹ́ títí yóò fi dúdú bí ìdí ìkòkò. Òun ni mo wọ̀ títí mo fi jáde opó. Ọjọ́ tí wọ́n wẹ̀ fún mi létí odò, ìyá Ẹ̀bùnlọlá ní kí n jù ú sómi, pé aṣọ opó kì í bá èèyàn wọlé, pé bí mo bá gbé e wọlé, á pe ikú mìíràn wá. Mo ní bí ẹ bá fẹ́ jù ú sómi, ẹ ju èmi náà mọ́ ọn. Wọ́n ní olórí kunkun, wọ́n ní àwọn ò sí níbẹ̀ o. Mo ká a, mo gbé e wọlé.

Láti ọjọ́ yẹn ló ti wà lábẹ́ ibùsùn mi, ọmọ mi. Orí rẹ̀ lo ti la ikọ́ já. Orí rẹ̀ lo ti sùn títí o fi jáde ilé ìwé. O rí iṣẹ́ ìjọba. Ìjọba ṣẹ́ kèké ilé ní Fẹ́sítáàkì, kèké mú ọ láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn. Ikú wo ni aṣọ náà wá pè?

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yé mi, n ò sì mọ̀ bóyá ó lè yé àwọn tí kì í ṣe ará oko. Aṣọ dúdú tí àwọn òṣèré rán fún ọ, tuntun ni. Kò tíì ṣọ̀fọ̀ ẹnikẹ́ni rí. Ebi ń pa á, ó ń wá ọkọ ẹni tí yóò jẹ. Òun ni o ò gbọdọ̀ wọ̀. Tèmi ti jẹ tirẹ̀, ó ti yó. A ti san ikú rẹ̀, a ti sun ẹkún rẹ̀ tán pátápátá, kò sí ẹni tó lè padà wá gbà á lọ́wọ́ wa lẹ́ẹ̀kejì. Nítorí náà, sọ fún àwọn ọ̀gá eré pé ìyá rẹ ní kí o ṣe é. Aṣọ opó mi ni kí o fi ṣe é. Ṣùgbọ́n wọn ò gbọdọ̀ fi àlùmọ́gàjí kàn án o, bó bá gùn jù, kí wọ́n ṣẹ́ ẹ léti.

Mo ti fèsì sí ìyá Olúfẹ́mi, Fọláránmi ló bá mi mú un lọ. Mi ò bú u. Mo kọ gbogbo ọ̀rọ̀ aṣọ náà sí i bí mo ṣe kọ ọ́ sí ọ yìí, mo ní àna mi, ọmọ yín kò ní kú, ará oko ń bọ̀, ẹ̀gbẹ́ yín ni n ó sì jókòó sí lọ́jọ́ eré. Àná ni Fọláránmi tún dé, mo bi í pé kí ni obìnrin náà sọ. Ó ní ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó bọ́ awò ojú, ó nù ún, ó tún kà á. Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó kàn ní irú ọbẹ̀ wo ni ìyá Kíkẹ́lọmọ máa ń jẹ, ṣé ata kì í pọ̀ jù fún un? Ẹni tó ń bèèrè irú ọbẹ̀ tí o ń jẹ, ọmọ mi, kò fẹ́ lé ọ. Wá àga méjì tó fara kan ara fún wa, níwájú pátápátá.

Mo mọ̀ pé mo ti búra pé n ò ní dé Èkó láyé mi. Mi ò tíì yẹ ìbúra náà. Èkó ni mo sọ, Fẹ́sítáàkì ni mo ń bọ̀. Mi ò lè fi aṣọ yẹn rán Fọláránmi, ó máa ń fi ẹrù ẹlẹ́rù jókòó. Ó sọ pé gbogbo ilé yín ló jọra, pé ọkùnrin kan wọ ilé onílé, ó jẹun tán kó tó wo ojú ẹni tó bu oúnjẹ fún un. Nítorí náà, gbin ewúro sí ẹnu ọ̀nà tìrẹ kí n lè mọ̀ ọ́n. Tísà tún ní bí eré bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n á pa iná mọ́ gbogbo èrò lórí. Kí ni wọ́n fẹ́ ṣe fún abiyamọ nínú òkùnkùn? Mò ń gbé fìtílà mi bọ̀, mo ti ra òwú tuntun sí i.

Ohun kan tún kù nípa eré náà. Ọwọ́ tí o ká lérí nínú àwòrán yẹn, sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹkún àlejò nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni ìyá Ẹ̀bùnlọlá ṣe ń sunkún. Ẹkún opó kì í wá nígbà tí èèyàn bá pọ̀. Ìgbà tí o bá ń bu oúnjẹ ló ń wá, tí ọwọ́ rẹ bá ti bu ti ẹni tí kò sí nílé mọ́ kí o tó rántí. Bu oúnjẹ níwájú wọn, kí o dúró. Wọ́n á gbọ́.

Owó ńkọ́? Fi owó mọ́tò ránṣẹ́, ti àlọ nìkan, torí n ò mọ ìgbà tó máa wù mí láti padà. Fi owó àkùkọ kún un, ìwọ lo ya àwòrán. Bí nǹkan bá ṣẹ́ kù, ra bàtà aláwọ fún mi, kì í ṣe onígìgísẹ̀, èyí tí ìyá Olúfẹ́mi á rí tí kò ní lè sọ nǹkan kan.

Àyìnkẹ́, ẹsẹ̀ rẹ kò ní gbọ̀n lórí ìtàgé. Ọ̀rọ̀ kò ní sọnù lẹ́nu rẹ. Aṣọ tí mo wọ̀ sunkún, ìwọ á wọ̀ ọ́ gba àtẹ́wọ́, lẹ́yìn Àjíǹde o ó wọ funfun, kò sì ní sí aláró tí yóò fọwọ́ kàn án títí o ó fi hewú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ. Lọ́jọ́ náà, bí o bá jáde nínú aṣọ mi, tí gbogbo gbọ̀ngàn bá bú sẹ́kún nínú òkùnkùn wọn, má wá mi láàárín àwọn tó ń sunkún. Iná fìtílà ni kí o wá. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín nídìí rẹ̀, èmi nìyẹn.

Èmi ni ìyá rẹ,
Adébùnmí, ìyàwó Adébánjí.